Àgbọn Tí Mo Gbìn Lọ́jọ́ Jímọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó bá ti gbọ́ èdè ìlú kì í ṣe àlejò níbẹ̀ mọ́. Irọ́ ńlá ni. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti òdìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níléèwé, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá na ọmọ nílé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo dé Ajah, tí mo kúnlẹ̀ kí àwọn obìnrin mẹ́ta tó jókòó sí èbúté, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn sín mi jẹ. Ó yí ẹnu wọ́, ó tún ìkíni mi sọ, àwọn yòókù sì ń gbá ara wọn lẹ́sẹ̀. "Ará Dàhòmì dé o!" Orúkọ mi nìyẹn láti ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, Dàhòmì fúnra rẹ̀ pa orúkọ dà. Wọn ò bá mi pa tèmi dà.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo rí bí wọ́n ṣe ń na ènìyàn ní Ajah. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá láti orí omi, wọ́n ní ó lọ yẹ ìgèrè ẹlòmíràn wò nínú ọ̀sà, ó sì kó ẹja inú rẹ̀. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ni wọ́n fi lù ú. Kò sí ariwo, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Wọ́n ń lù ú bí ẹni tó ń lu ẹ̀wà, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa òjò. Nígbà tí eyín rẹ̀ méjì ti wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bu omi fún un mu, ó ní kó máa lọ sílé.

Ọkọ mi, tó ti ṣáájú mi débẹ̀ ní ọdún kan, fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Má wò ó. Níbí, bí nǹkan bá jẹ́ ti ènìyàn, tiẹ̀ ni dé egungun. Ṣáà ti ṣọ́ ọwọ́ rẹ." Mo ní ṣé ibi tó ní kí n wá jayé nìyí? Ó gbé ẹrù mi rù, ó ṣíwájú.

Ilẹ̀ bàbá arúgbó kan là ń gbé, Bàbá Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn baba rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ dé etí ọ̀sà yẹn. Ó fún wa ní àyè kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ọkọ mi sì fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ yàrá kan síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi lọ kí i, ó ń jẹ obì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ gbin àgbàdo, ẹ gbin ata. Igi ni mi ò fẹ́. Ẹ̀gẹ́ máa ń bá ẹni tó gbìn ín lọ, igi kì í bá ènìyàn lọ." Kàmọ̀rú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá lábẹ́ apá, ó ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgùntàn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní a ti gbọ́. Èmi náà ní a ti gbọ́. Òfin yẹn ò ṣàjèjì sí mi, torí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe ń sọ fún àlejò ní Kétu. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn Fọn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni.

Ọkọ mi ń gun àgbọn, èmi ń bó o. Ìyá Ruka ló gbà mí síṣẹ́. Obìnrin dúdú gàgàrà ni, ìrun márààrún kì í kọjá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kan tí obìnrin bíi méje ti ń se àdín àgbọn. Níwájú ẹni tó bá ń bó àgbọn, wọ́n á ri irin ṣóńṣó kan mọ́lẹ̀, yóò ga dé orúnkún. Wàá gbé àgbọn sókè, wàá gún un mọ́ ẹnu irin náà, wàá fi ara tẹ̀ ẹ́, wàá sì yí i. Èèpo á ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀, ó ti bó. Bí ọwọ́ rẹ bá yọ̀, irin náà ò ní béèrè bóyá àgbọn ni àbí ènìyàn.

Ọjọ́ kẹta ló wọ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi, ó sì yọ lẹ́yìn ọwọ́. Mo figbe ta, "Yéè, ẹ gbà mí!" Ìyá Ruka rọra dìde, ó fa ọwọ́ mi yọ lẹ́nu irin, ó bu àdín gbígbóná dà sí ojú ihò náà, ó fi àkísà dì í. Ó ní, "Ìwọ lo gún ara ẹ. Irin ò kúrò níbi tó wà. Dìde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ò ṣàìsàn." Mo fi ọwọ́ ọ̀tún rin àgbọn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ń fi Faransé bú u lábẹ́lẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò gbọ́ ọ. Gbogbo ìyá rẹ̀, gbogbo ìyá ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tí mi ò bú.

Obìnrin tó sín mi jẹ ní èbúté wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì náà. Ó máa ń mú nínú àgbọn tí mo ti bó, yóò fi kún tirẹ̀, yóò sì máa kọrin. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ bá àwọn ará Dàhòmì mi rojọ́. Ó dáa. Mo dì mọ́ ọn. A jà láti ṣẹ́ẹ̀dì dé inú ọ̀sà, mo tẹ orí rẹ̀ bọ omi títí ó fi ń fi ọwọ́ lu ẹsẹ̀ mi pé òun ti gbà. Ọjọ́ kejì ló kí mi fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Kí ọdún tó yípo, kò sí ẹni tó ń bó àgbọn tó mi ní gbogbo etí ọ̀sà yẹn, Ìyá Ruka sì ti ń fi mí yangàn fún àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i lẹ́yìn náà. Mo ti ń na ènìyàn láìpariwo, bíi tiwọn.

*

Kò sí tẹlifóònù fún irú wa nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́ sílé. Awakọ̀ kan wà tó jẹ́ ọmọ Kétu, ó máa ń wá kó àgbọn lóṣooṣù, ó sì ní redíò tó ń gba ohùn sílẹ̀. Èmi á jókòó síwájú lọ́rì rẹ̀, màá tẹ ẹnu mọ́ redíò náà, màá máa parọ́. "Ìyá mi, ara mi le bí òkúta. Mò ń jẹun. Àwọn ènìyàn ibí dára, wọ́n fẹ́ràn mi." Ọwọ́ mi tí wọ́n fi àkísà dì wà lórí itan mi, ó ń rùn.

Bí oṣù bá tún yípo, ohùn ìyá mi á dé. Adìẹ tó kú, òrùlé tó jò, ẹni tó gbéyàwó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa redíò náà. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tán, màá ṣì máa gbọ́ ọ, yóò máa mí, àkùkọ á kọ lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ó ṣì ń gbọ́ mi?" Ibẹ̀ ni mo máa ń sunkún sí. Mo lè gbọ́ ikú adìẹ kí ojú mi gbẹ. Ìró èémí rẹ̀ yẹn ni mi ò lè fara dà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo mọ òwe náà kí n tó wá. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé ènìyàn lè pẹ́ lájò títí tí kò fi ní mọ èwo ni ilé mọ́. Bí mo bá lá àlá, Kétu ni mo wà, ṣùgbọ́n irin àgbọn wà láàárín àgbàlá ìyá mi, mo sì ń bó àgbọn fún gbogbo ẹbí.

Àárín èèpo àgbọn ni mo bí ọmọbìnrin mi sí, ní ọ̀sán gangan. Ìyá Ruka ló gbẹ̀bí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwa ò sì ní ilé kankan láti wò, nítorí náà a sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Ibi ọmọ, èyí tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde, Ìyá Ruka fi ewé wé e, ó fi sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e fún ọkọ mi. Kò bi í pé níbo ló máa sin ín sí, ọkọ mi náà ò sì sọ. A kì í bi ènìyàn léèrè irú ìyẹn. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n sin ibi ọmọ sí, ó mọ ibi tó ti lè pa ọmọ náà lára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní Kétu. Ọkọ mi sin ín sẹ́yìn yàrá wa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn lé e, ó di tàwa méjèèjì nìkan.

Oṣù mẹ́ta ni Abíọ́nà fi jẹ́ ọmọ gidi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kò mu ọyàn, bó bá mu ún, á bì í. Àgbo wọlé, abẹ́rẹ́ wọlé, kò sí ìyàtọ̀. Mo ránṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì sí ìyá mi, ìgbà yẹn ni mi ò parọ́. Èsì rẹ̀ kúrú. "Kí lẹ gbìn sórí ibi ọmọ náà? Ẹ ò gbin nǹkan kan? Háà! Ọmọ tí kò sí igi tó dì í mú, ibo ni kó dúró sí? Ẹ gbin àgbọn lé e, lónìí." Lẹ́yìn náà ó ń mí, ó ń mí. Kò bèèrè bóyá mo ṣì ń gbọ́.

Ọkọ mi ní, "Bàbá Àgbà ní a ò gbọ́dọ̀ gbin igi."

Mo ní, "Wò ó, àgbọn ló kún gbogbo ilẹ̀ yìí láti ibí dé òkun. Ta ló máa ka àgbọn?"

Àṣìṣe mi nìyẹn, odindi rẹ̀. Mo mú àgbọn kan tó ti hù nínú òkìtì Ìyá Ruka. A dúró di ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí etí ọ̀sà dákẹ́. A gbẹ́ ihò, a gbìn ín, mo fi àfọ́kù ìkòkò yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọyàn. Ẹ lè sọ pé abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́. Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Èmi ni ìyá rẹ̀, mo mọ ohun tí ojú mi rí.

*

Àgbọn náà ti yọ ewé mẹ́rin, Abíọ́nà sì ti ń jókòó, nígbà tí Kàmọ̀rú wá já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Ó dúró. Ó pe ọkọ mi.

"Ta ló gbin èyí?"

Ọkọ mi ní, "Ó dá hù ni."

"Ó dá hù?" Kàmọ̀rú rẹ́rìn-ín. "Ó já bọ́ láti ọ̀run, ó gbẹ́ ihò fún ara ẹ̀, ó tún fi àfọ́kù ìkòkò ṣe ọgbà yí ara ẹ̀ ká? Gbọ́, àgbọn mọ́kànlélógún ló wà láti ẹ̀yìn ilé yín dé etí omi. Mo mọ ẹni tó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìkejìlélógún rèé. Ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀ yín ni? Ẹ fà á tu kí Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí mo bá padà bá a níbẹ̀, ẹni tó gbìn ín ni mo máa kọ́kọ́ gé."

Kì í ṣe pé ó ya wèrè. Ní abúlé tó tẹ̀ lé tiwọn, àlejò kan ti gbin igi obì mẹ́fà sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mú àwọn igi náà lọ sí kóòtù, wọ́n ní ṣé ẹni tí kò nílẹ̀ ló ń gbin obì? Wọ́n sì jàre. Igi ni ìwé ilẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Nǹkan tí Kàmọ̀rú rí lẹ́yìn ilé wa nìyẹn, ìwé ilẹ̀ tó yọ ewé mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, tí mo ní ibi ọmọ mi ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Kàmọ̀rú tó ń fi àdá tọ́ka sí mi? Kí n mú ẹ̀mí ọmọ mi lé e lọ́wọ́, kí n ní, wò ó, ibí ni kó o gé? Láéláé.

Ọkọ mi ní a máa fà á tu. Mo ní ẹni tó bá fà á tu, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọnú ihò náà. Ó gbá mi létí. Mo gé apá rẹ̀ jẹ débi tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. A jà nínú yàrá yẹn bí ẹni tí kò mọra rí, ọmọ ń ké lórí ẹní. Lẹ́yìn náà a jókòó, ó ń fi iyọ̀ nu ojú eyín mi lápá rẹ̀, ó ní, "Ṣebí ọmọ tèmi náà ni." Kò tún sọ̀rọ̀ fífà tu mọ́.

Jímọ̀ dé. Mo gbé Abíọ́nà pọ̀n, mo lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, nítorí ọkọ mi ní kí n lọ, òun á bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Mo gbọ́ tí ìrun parí. Mo rí wọn tí wọ́n ń kọjá, Kàmọ̀rú àti ọkùnrin mẹ́ta, aṣọ funfun tí wọ́n fi kírun ṣì wà lọ́rùn wọn, àdá sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo sọ Abíọ́nà kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ Ìyá Ruka, mo fa irin tí ó wà níwájú mi tu kúrò nínú ilẹ̀, mo sáré.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àgbọn náà. Ẹni tó ní òun máa sọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣáà na ọwọ́ síta, bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Kàmọ̀rú ní kó dìde. Kò dìde. Àdá balẹ̀, mo sì rí ìka méjì tó já sórí yanrìn.

N kò rántí bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí mo rántí ni pé mo gún Kàmọ̀rú ní orúnkún, mo fi ara tẹ̀ ẹ́, mo sì yí irin náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ tí nǹkan ya nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ké, ó ṣubú lé ọkọ mi, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ba aṣọ funfun náà jẹ́. Ẹnì kan fi pẹlẹbẹ àdá lù mí lórí. Nígbà tí mo lajú, ọ̀kan nínú wọn ń gé àgbọn náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gé e, ó ti wó. Igi kékeré ni, tí ó jìyà fún ohun tí kò mọ̀.

Wọ́n wọ́ wa lọ síwájú Bàbá Àgbà. Gbogbo ìlú pé. Wọ́n tẹ́ Kàmọ̀rú sórí ẹní, ọkọ mi fi ṣẹ́ẹ̀tì di ọwọ́. Bàbá Àgbà bèèrè pé kí ló dé tí a fi gbin igi. Ọkọ mi wolẹ̀. Mo wolẹ̀. Àwọn kan ti ń ké pé kí wọ́n sọ wá sómi. Ìyá Ruka gbé Abíọ́nà lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì gbá mi lẹ́yìn gbàmù. "Sọ̀rọ̀! Ẹnu tí o fi ń bú mi ní Faransé lójoojúmọ́ dà? Sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pa yín!"

Mo sọ ọ́. Lójú gbogbo ayé, mo ní, "Ibi ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ọmọ yìí ń kú lọ, la fi gbìn ín. A ò fẹ́ ilẹ̀ yín. Ẹ ti wá mọ̀ báyìí, ẹ lè pa á."

Bàbá Àgbà wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò wá bá mi?"

"Bàbá, ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún onílé?"

Ó mi orí. Ohùn rẹ̀ lọlẹ̀ débi pé a ní láti fara sún mọ́ ọn. "Àgbọn mọ́kànlélógún tí ọmọ mi kà fún yín. Kí lo rò pé ó wà ní ìdí wọn?" Ó nawọ́ sí Kàmọ̀rú tó ń kérora lórí ẹní. "Tirẹ̀ wà níbẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀. Àwa náà kì í sọ ọ́. A ò mọ̀ pé àlejò máa ń bí ọmọ bí a ṣe ń bí i."

Kàmọ̀rú yí ojú sí ògiri. Bóyá ìrora ni, bóyá nǹkan mìíràn ni, n kò mọ̀. Nígbà yẹn, n kò bìkítà.

Ìdájọ́ Bàbá Àgbà ni pé kí a kó kúrò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti balẹ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ́ kan ojú ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Ó ní àgbọn ò ní hù níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ náà ti di ti ọmọ náà, kí gbogbo wa sì gbé ẹnu dákẹ́.

*

Ọkọ mi padà sí Kétu. Ẹni tí ìka rẹ̀ ku mẹ́ta lọ́wọ́ kan kò lè gun àgbọn mọ́. Ó ní kí a jọ máa lọ, mo kọ̀. Ó bi mí léèrè pé kí ni mò ń wá níbi tí wọ́n ti gé òun bí ẹran. Mo ní ibi ọmọ mi wà níbí, ibo ni kí n lọ? Ó ní, "O ti dà bíi tiwọn." Ó bọ́ sínú lọ́rì. N kò tún rí i mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rò ó pé òun ló ṣe ohun tó tọ́, pé agídí lásán ni tèmi. Obìnrin kan, ọmọ kan, nínú ìlú tó jẹ́ pé bí mo bá ń kọjá, wọ́n á sọ fún àwọn ọmọ wọn pé, ẹni tó bó ẹsẹ̀ Kàmọ̀rú bí àgbọn rèé.

Ìyá Ruka fún mi ní àyè lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni Abíọ́nà dàgbà sí. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, tí àwọn èwe ń sọ òkúta lu ilẹ̀kùn wa pé Dàhòmì ẹ lọ, obìnrin arúgbó yìí ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú omi gbígbóná nínú abọ́. Ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀ ní Faransé. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí ìyẹn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, ṣé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn ló ń lọ eyín pọ̀ bẹ́ẹ̀?

Èmi àti Kàmọ̀rú kì í kí ara wa. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ lójú ọ̀nà, màá yà sí ọ̀nà mìíràn, òun náà á yà. Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n rí ọjọ́ tí wọ́n máa lé òun náà kúrò lórí nǹkan, kí n dúró, kí n máa wò ó.

Ọlọ́run gbọ́. Bàbá Àgbà kú. Wọ́n ti ń la ọ̀nà wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti kọ́ ilé ńlá ńlá sí Ìlàsàn, owó sì ti wọ ilẹ̀ yanrìn tí kò sẹ́ni tó ń wò tẹ́lẹ̀. Àwọn àbúrò Kàmọ̀rú buwọ́ lùwé láti ta ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kan, mo gbé gálọ́ọ̀nù àdín rù, mò ń lọ sọ́jà, mo gbọ́ ìró katapílà lẹ́yìn ilé Bàbá Àgbà.

Àgbọn ogún ti wó, wọ́n nà gbalaja sílẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú sí ọ̀run. Ẹyọ kan ló kù. Kàmọ̀rú dì mọ́ ọn. Àwọn géńdé mẹ́rin tí àwọn tó ra ilẹ̀ kó wá ń fi igi nà án, wọ́n ń nà án láìpariwo, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ó ń pariwo pé, "Ibi ọmọ mi ni wọ́n sin síbẹ̀! Ibi ọmọ mi ni!" Ọ̀kan nínú wọn sín in jẹ, ó yí ẹnu wọ́, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló fẹ́ jẹ ibi ọmọ ẹ?"

Ọjọ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Mo dúró kí n máa wò ó. Mo wá inú mi kiri, n kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Mo sọ gálọ́ọ̀nù kalẹ̀. Mo wọ àárín wọn, igi méjì bà mí léjìká, mo ní kí wọ́n lù mí sí i bí ìyá wọn bá bí wọn dáadáa. Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n dáwọ́ dúró, bóyá nítorí pé mo ti darúgbó. Mo fa Kàmọ̀rú lápá. Kò jẹ́ kí igi náà lọ.

"Dìde," ni mo wí. "Wọ́n máa pa ẹ́."

Ó la ojú rẹ̀ kan, ó mọ̀ mí. "Ìyá Abíọ́nà." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ibi àwọn ọmọ mi wà lábẹ́ ibẹ̀."

Ọ̀pá rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo gbé apá rẹ̀ lé èjìká mi, níhà ẹsẹ̀ tí mo bà jẹ́, mo sì gbé e nílẹ̀. Katapílà ti ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

"Mo mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ti ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀."